Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: mò ń dán róbọ́ọ̀tì tó ń gbálẹ̀ tó tún ń nulẹ̀ wò kí n tó gbé e fún màmá mi

ÌyáÌbejì_Bódìjà

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ róbọ́ọ̀tì tó ń gbálẹ̀ ni mo gbé wá. Mo ti wá ọ̀rọ̀ nípa ẹ̀ títí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn òyìnbó ló kọ gbogbo èyí tí mo rí, ilé wọn ò sì jọ ilé wa. Àbúrò mi ọkùnrin tó wà ní London ló ra èyí tó gbówó lórí gan-an, ó lé ní £900, ó ní ti màmá wa ni. Màmá ti lé ní àádọ́rin ọdún, orúnkún ń dà wọ́n láàmú, ẹ̀yìn ń dùn wọ́n, síbẹ̀ tó bá ti di agogo márùn-ún ààbọ̀ ìdájí wọ́n á ti tẹ̀ba sídìí ìgbálẹ̀, a bẹ̀ wọ́n títí, wọ́n ní àwọn ò lè jókòó sínú ilé tí wọn ò tíì gbá. Mo wá ní kí ẹ̀rọ yìí kọ́kọ́ wà lọ́dọ̀ mi ní Bódìjà fún bí oṣù kan kí n dán an wò dáadáa, torí tó bá ní wàhálà nínú, ó sàn kó jẹ́ èmi ni wàhálà yẹn kọ́kọ́ bá.

Ilé mi rèé: yàrá mẹ́ta, táìlì ni gbogbo ẹ̀, rọ́ọ̀gì kan wà ní pálọ̀, ìbejì ọmọ ọdún mẹ́rin ń sáré kiri. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti pé tí mo ti ń lò ó, inú ọyẹ́ ni mo sì bẹ̀rẹ̀, ẹ mọ bí eruku ọyẹ́ ṣe máa ń rí n'Ìbàdàn, ẹ nu tábìlì láàárọ̀, tó bá fi máa dọ̀sán ẹ lè fi ìka kọ orúkọ yín sí i.

Àwọn tó ń dán nǹkan wọ̀nyí wò nínú fídíò, kọfí àti ọkà òyìnbó ni wọ́n máa ń dà sílẹ̀. Èmi ò ní kọfí nílé. Ohun tó ń já sílẹ̀ nílé mi ni gàrí, èèpo ẹ̀pà, irun attachment, yanrìn tí àwọn ọmọ ń fi bàtà gbé wọlé, àti epo pupa ní kíṣìnnì, òun náà ni mo fi dán an wò. Mo ní síkéèlì tí mo fi ń wọn fláwà, mo kọ́kọ́ fi ọwọ́ ara mi gbálẹ̀ kó mọ́, mo wá wọn gàrí 50 gíráàmù, mo fọ́n ọn sórí táìlì, mo tẹ bọ́tìnì. Bó ṣe gbá a tán mo yára gbé e kó tó padà sílé ẹ̀, ìyẹn àpótí tó ti ń gba iná, torí tó bá ti padà, ilé yẹn á fa gbogbo ohun tó kó sínú báàgì, ẹ ò ní rí nǹkan wọ̀n mọ́. 48 ló kó lórí táìlì. Lórí rọ́ọ̀gì, 37. Mo tún rọ́ọ̀gì yẹn ṣe lẹ́ẹ̀mẹta, kò kọjá 40 rí.

Ohun tí ẹnikẹ́ni ò kìlọ̀ ẹ̀ fún mi nìyí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ká a dáadáa. Bí wọ́n ṣe ṣètò ẹ̀ láti ilé iṣẹ́, ó ń gbálẹ̀ ó sì ń nulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Búrọ́ọ̀ṣì kékeré tó ń yí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ máa ń ta gàrí káàkiri, èyí tó bá ta lọ sẹ́yìn, abẹ́ mọ́ọ̀pù tútù ló ń bọ́ sí, omi kan gàrí, ó di ẹ̀bà sára táìlì. Ẹ̀bà gidi, ó gbẹ, ó le, ọ̀bẹ ni mo fi ha á. Inú áàpù ẹ̀ lórí fóònù ni mo ti wá rí i pé a lè sọ fún un pé kó gbá gbogbo ilé tán ná kó tó sọ mọ́ọ̀pù kalẹ̀. Ó ń pẹ́ díẹ̀ sí i o, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti yí i síbẹ̀ mi ò rí ẹ̀bà mọ́.

Epo pupa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dà, mi ò jẹ́ kó débẹ̀ rárá, àkísà àti ọṣẹ ni mo fi ń nù ún. Àmọ́ àmì epo tó ti gbẹ, tí mo bá fi omi ẹ̀ sí èyí tó pọ̀ jù tí mo ní kó gba ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó ń lọ. Ìlà àárín táìlì nìkan ni kò rí ṣe.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí: (1) iná NẸ́PÀ, ẹ mọ̀ ọ́n, (2) omi ìdọ̀tí ẹ̀ ń rùn, (3) mo mọ màmá mi, Izal ni wọ́n máa dà sínú ẹ̀, ṣé kò ní bà á jẹ́? (4) ṣé ó tiẹ̀ bójú mu kí n gbé e fún àgbàlagbà?

Enjiníà_Agége

Ẹ kú iṣẹ́ Ìyá Ìbejì, ẹ ti dán an wò ju ọ̀pọ̀ èèyàn lọ. Iná ni iṣẹ́ mi, ẹ jẹ́ n mú ti iná.

Róbọ́ọ̀tì fúnra ẹ̀ kì í jẹ iná púpọ̀. Bátìrì ẹ̀ kékeré ni. Ilé ẹ̀, ìyẹn dọ́ọ̀kì yẹn, lẹ máa ṣọ́. Àwọn tó wọ́n wọ̀nyí, dọ́ọ̀kì wọn ló ń fi omi gbígbóná fọ mọ́ọ̀pù, omi yẹn ń gbóná dé 60 sí 80 dígírì, ohunkóhun tó bá sì ń se omi ẹ mọ̀ pé iná ló ń jẹ, ó lè ju 1000 wáàtì lọ lásìkò tó ń gbóná. Nígbà tó bá tún fẹ́ fa ìdọ̀tí sínú báàgì, mọ́tò ńlá kan ló ń ṣiṣẹ́ fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, òun náà ń jẹ iná púpọ̀. Ẹ yí dọ́ọ̀kì yẹn sẹ́yìn, ẹ máa rí bébà kan lára ẹ̀ tí wọ́n kọ fóótì (V) àti wáàtì (W) sí, ẹ kà á, ẹ fi wé ínfátà yín. Ínfátà 1 kVA tó ń gbé fíríìjì àti fáànù tẹ́lẹ̀ máa gé lójijì, ẹ máa wá rò pé ẹ̀rọ ló bàjẹ́.

Ohun tí mo máa ń sọ fáwọn oníbàárà mi ni pé kí wọ́n lọ sínú áàpù kí wọ́n pa omi gbígbóná, kó máa fi omi tútù fọ ọ́. Ẹ fi gbígbóná sílẹ̀ fún ìgbà tí iná NẸ́PÀ gidi bá wà. Ẹ sì fi sítébílásà sí i o, ẹ má kì í bọ ògiri lásán, àdúgbò tí iná ti ń lọ sókè sódò, bọ́ọ̀dù inú dọ́ọ̀kì ló máa kọ́kọ́ kú, kò sì sí ẹni tó máa bá yín tún un ṣe bọ̀rọ̀.

Ohun kan ṣì kù. Tí iná bá lọ nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹ má dààmú, bátìrì ẹ̀ ló ń lò, ó máa ṣiṣẹ́ ẹ̀ lọ. Ìgbà tó bá fẹ́ padà sílé ni wàhálà. Dọ́ọ̀kì máa ń tan iná kan tí ojú wa ò lè rí, ìmọ́lẹ̀ yẹn ni róbọ́ọ̀tì fi ń tò wọlé tààrà. Tí iná bá lọ, dọ́ọ̀kì ò tan nǹkan kan, ó lè dé iwájú ẹ̀ kó máa yí síhìn-ín yí sọ́hùn-ún kó wá dúró sílẹ̀.

ÌyáÌbejì_Bódìjà

Háà, Enjiníà, ẹ ṣé gan-an. Ohun tó ṣe lọ́jọ́ Tọ́sìdeè tó kọjá gẹ́lẹ́ nìyẹn! Mo dé láti ọjà, mo bá a níwájú dọ́ọ̀kì, ó ti kú fin-ín, mo ti ń ronú pé màá gbé e lọ fún oníṣẹ́. Mo kàn fi ọwọ́ tì í wọlé, iná dé, ó jí.

TẹknọBọ̀ì

Ẹ̀gbọ́n wa Ìyá Ìbejì, mo kí yín o. Èmi fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa bó ṣe ń ríran torí ibẹ̀ ni mo ti rí i tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣi ẹ̀rọ wọn lò.

Àwọn àtijọ́, ẹ rántí Roomba, irú róbọ́ọ̀tì ìgbálẹ̀ kan tó kọ́kọ́ jáde ní 2002, ńṣe nìyẹn ń lọ tí yóò kọlu ògiri, á yí padà, á tún gba ibòmíì, kò mọ ibi tó wà. Láti bí i 2010 tí Neato, ilé iṣẹ́ míì tó ṣe wọ́n, ti gbé tiẹ̀ jáde ni wọ́n ti ń fi lésà sórí wọn, nǹkan roboto tó yọ sókè lórí ẹ̀ yẹn, ó ń yí po, ó ń wọn bí ògiri ṣe jìnnà sí, ó sì ń ya máàpù ilé. Ẹ wá wo àwọn nǹkan tó máa ń dá a rú nílé wa:

Díńgí gígùn. Ẹni tó bá ní díńgí tó kanlẹ̀ ní pálọ̀, lésà á gba inú ẹ̀ kọjá, á ya yàrá míì tí kò sí níbẹ̀ sórí máàpù. Ẹ lọ sínú áàpù kí ẹ fa ìlà dí i.

Kọ́tìnì tó balẹ̀. Ògiri ló pè é, kò ní dé abẹ́ ẹ̀ láé. Ẹ ká a sókè.

Rọ́ọ̀gì dúdú. Abẹ́ róbọ́ọ̀tì ní sẹ́ńsọ̀ tó ń wò bóyá àtẹ̀gùn wà níwájú kó má baà já bọ́, àwọ̀ dúdú kì í dá ìmọ́lẹ̀ yẹn padà, ó lè rò pé kòtò ni, kó má gùn ún. Tí rọ́ọ̀gì yín bá dúdú, ẹ dán ìyẹn wò kí ẹ tó sanwó rárá.

Gíga ẹ̀ náà ńkọ́, ọ̀pọ̀ wọn ga tó 10 sẹ̀ǹtímítà nítorí lésà orí yẹn. Ẹ fi tépù wọn abẹ́ sófà màmá. Àga wa tí ẹsẹ̀ ẹ̀ kúrú yẹn, kò ní wọ abẹ́ ẹ̀, eruku á sì kún ibẹ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi Pa tàn yín jẹ, èyí ní 10,000 Pa, tọ̀hún ní 20,000. Agbára ìfà nìyẹn lóòótọ́, àmọ́ lórí táìlì lásán, kékeré nínú ẹ̀ ti tó. Orí rọ́ọ̀gì ló ti nítumọ̀ díẹ̀, níbẹ̀ náà bí búrọ́ọ̀ṣì abẹ́ ẹ̀ ṣe kan ilẹ̀ sí ló ṣe pàtàkì jù lójú tèmi. 37 tí ẹ̀gbọ́n rí yẹn ò yà mí lẹ́nu.

Wi-Fi: èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, 2.4 GHz nìkan ni wọ́n ń gbọ́. Tí ẹ bá ń fi iPhone ṣe hotspot tó kọ̀ tí kò rí i, ẹ lọ sí sẹ́tìn hotspot kí ẹ tan Maximize Compatibility, á rí i. Tí Wi-Fi ò bá sì sí nílé rárá, bọ́tìnì orí ẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́.

Olùkọ́_Abẹ́òkúta

Mo fẹ́ béèrè nǹkan kan, kì í ṣe pé mo fẹ́ bu ẹnu àtẹ́ lu ẹnikẹ́ni o. Owó tó ju £900 yẹn, tí ẹ bá ṣẹ́ ẹ sí náírà, ṣé kò ní san owó ọmọbìnrin kan tó lè máa wá bá màmá gbálẹ̀ láràárọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún? Ọmọ yẹn á tún fọ abọ́, á tún bá màmá sọ̀rọ̀. Róbọ́ọ̀tì ò lè bá èèyàn sọ̀rọ̀.

ÌyáÌbejì_Bódìjà

Sà, òótọ́ lẹ sọ, a sì ti gbìyànjú ẹ̀. Ọmọ méjì ni a ti mú lọ fún màmá, wọ́n ní kí ọmọ máa gbálẹ̀ kí àwọn máa wò ó, ó ń ṣe àwọn bí ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ ti rọ. Wọ́n á ní kó lọ sinmi, wọ́n á gbálẹ̀ fúnra wọn. Ẹ̀rọ nìkan ni wọn ò lè ní kó lọ sinmi, ìdí tí àbúrò mi fi rà á nìyẹn. Ní ti ẹni tó máa bá wọn sọ̀rọ̀, ọmọ àbúrò wọn kan ń gbé lọ́dọ̀ wọn, a dúpẹ́.

Olùkọ́_Abẹ́òkúta

Ó yé mi báyìí. Ìyá tèmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi lọ. Ẹ má bínú.

ỌmọÌjẹ̀bú_Peckham

Ọ̀rọ̀ tó kàn mí gbọ̀ngbọ̀n rèé torí mo ti ru méjì wálé. Ẹ̀yin tó bá fẹ́ rà á níbí gbé lọ sílé, ẹ gbọ́.

Ẹ dán an wò ní UK kí ẹ tó gbé e sínú báàgì. Ohun tí ẹ bá rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì níbí, òfin fún yín ní ọjọ́ 14 láti ìgbà tó bá ti dé ọwọ́ yín láti ní ẹ ò fẹ́ ẹ mọ́, ọjọ́ 14 míì sì wà láti dá a padà. Àmọ́ o, tí ẹ bá ti lò ó ju bí èèyàn ṣe ń yẹ nǹkan wò ní ṣọ́ọ̀bù lọ, wọ́n lè yọ nínú owó yín. Tó bá jẹ́ pé ó ní àlébù, ọjọ́ 30 lẹ ní láti kọ̀ ọ́ kí ẹ gba owó yín pátá. Ẹni tó bá ti kó o dé Ìbàdàn kó tó mọ̀ pé kò ríran, ta ló fẹ́ san owó ẹrù padà? Wọ́ráńtì UK sábà máa ń dúró sí UK ni.

Bátìrì inú ọkọ̀ òfuurufú: ẹ wo abẹ́ ẹ̀, ẹ máa rí fóótì àti mAh. Tó bá jẹ́ 14.4 V àti 5,200 mAh (ìyẹn 5.2 Ah), 14.4 lọ́nà 5.2, ó jẹ́ bí i 75 Wh (ìwọ̀n agbára inú bátìrì), kò dé 100 Wh tí àwọn ọkọ̀ òfuurufú fi ń pààlà, kò sí wàhálà tó bá wà nínú ẹ̀rọ. Ẹ pa á pátápátá, kì í ṣe kí ẹ jẹ́ kó sùn lásán. Bátìrì tí ẹ bá rà lọ́tọ̀, báàgì ọwọ́ ló gbọ́dọ̀ wà, ẹ má kó o sínú ẹrù abẹ́ ọkọ̀ láé. Dọ́ọ̀kì ló wúwo, ẹ gbọn omi inú ẹ̀ dànù kó gbẹ kí ẹ tó dì í, tèmi àkọ́kọ́ ṣì ní omi díẹ̀ nínú, ó sì ba aṣọ òkè tí mo gbé lọ fún ìyàwó tuntun jẹ́.

Ẹ ra ohun èlò ẹ̀ dání: báàgì ìdọ̀tí bí i mẹ́fà, mọ́ọ̀pù méjì sí i, fíltà, búrọ́ọ̀ṣì ẹ̀gbẹ́. Wíwá wọn nílé lè gba àkókò.

Sísí_Houston

Àfikún sí ti Ọmọ Ìjẹ̀bú: ẹ̀yin tí ẹ wà ní Amẹ́ríkà, ẸMÁ GBÉ TI IBÍ LỌ SÍLÉ láìwo ìdí ẹ̀. Dọ́ọ̀kì tí wọ́n ń tà níbí, 120 fóótì ni púpọ̀ nínú wọn, ilé 230 ni. Ẹ máa kì í bọ ògiri, á dún pàù, ó parí. Mo mọ ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí, ọjọ́ Kérésì gan-an. Wọ́n á ní kí ẹ ra tiransifọ́mà, àmọ́ tiransifọ́mà kékeré ò lè gbé ohun tó ń se omi, ẹ ní láti ra èyí tó ju wáàtì tí wọ́n kọ sídìí dọ́ọ̀kì lọ dáadáa, ó wúwo ju dọ́ọ̀kì fúnra ẹ̀ lọ. Kí ẹnì kan tó wà ní UK rà á fún yín rọrùn jù. Àwọn tí wọ́n ṣe fún ọjà Ṣáínà nìkan náà, ẹ yẹra, áàpù wọn lè kọ̀ láti bá yín ṣiṣẹ́ níta Ṣáínà.

Ó tún ku ọ̀rọ̀ irun. Onídìrí ni mí, nínú pálọ̀ mi ni mo ti ń dirí, irun attachment á wé mọ́ búrọ́ọ̀ṣì abẹ́ ẹ̀ tó fi jọ òwú, àárín ẹ̀ tí ẹ ń rí yẹn kọ́ ló burú, ìdí méjèèjì tó ti ń yí, irun á wọ inú ibẹ̀, á gbóná, á sì jẹ rọ́bà tó wà níbẹ̀. Ẹ yọ ọ́ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ẹ fi abẹ tàbí sísọ́ọ̀sì kékeré gé e kúrò. Ẹ yọ táyà kékeré iwájú náà, ẹ fà á sókè ni, á jáde, ẹ máa rí irun níbẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sára páálí tèmi pé irun kì í wé mọ́ ọn. Irun orí òyìnbó ló lè jẹ́ bẹ́ẹ̀.

ÌyáÌbejì_Bódìjà

Sísí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ yọ táyà iwájú yẹn lẹ́yìn tí mo ka ọ̀rọ̀ yín. Irun tó wà níbẹ̀ tó ọwọ́ mi kan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré o! Ìdí tó fi ń dún kíkìkíkì láti ọjọ́ Sátidé nìyẹn.

Ìyálájé_Òṣogbo

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ìjíròrò. Èmi fúnra mi ti lé ní ọgọ́ta ọdún, àwọn ọmọ mi ra ọ̀kan fún mi lọ́dún tó kọjá, mo sì ń lò ó, kí ẹ má rò pé àgbà ò lè lò ó. Ohun tí àgbà máa rí tí ẹ̀yin ò ní rí ni mo fẹ́ sọ.

Èkínní, ìṣubú. Nǹkan yẹn dúdú, ó rẹlẹ̀, ó ń rìn jẹ́jẹ́, àgbà tó ń ti tọ́lẹ́ẹ̀tì bọ̀ lè fi ẹsẹ̀ kọ ọ́, eegun ìdí àgbà tó bá ṣẹ́, ẹ mọ ohun tó máa ń tẹ̀yìn ẹ̀ yọ. Nítorí náà ẹ má jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ nígbà tí màmá bá ń rìn kiri. Tèmi, ìgbà tí mo bá ti jókòó sídìí oúnjẹ àárọ̀ ni, tàbí tí mo bá ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ilẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ nù náà ń yọ̀, ẹ fi omi ẹ̀ sí èyí tó kéré jù ní yàrá wọn.

Èkejì, ẹ má ṣètò ẹ̀ sí òru. Wọ́n ní iná pọ̀ lóru, àwọn ọmọ mi fi tèmi sí aago mẹ́wàá alẹ́, mo ní rárá. A kì í gbálẹ̀ lálẹ́, a kì í gbá ire ilé jáde, bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn, tí màmá yín bá jẹ́ irú wa wọn ò ní fọkàn balẹ̀ sùn. Ẹ má bá wọn jà lórí ẹ̀, ẹ kàn sún un sí àárọ̀.

Ti Izal, ẹ gba a lọ́wọ́ wọn. Mo da tèmi sí i, mo ní kí ilé ta sánsán. Kò pé oṣù méjì tí omi ò jáde mọ́, ẹni tó tú u ní rọ́bà inú ẹ̀ ti rọ̀ ó sì ti wú. Bílíìṣì náà bẹ́ẹ̀, kò gbọ́dọ̀ wọ inú ẹ̀. Omi lásán tó, tàbí ọṣẹ tí àwọn tó ṣe é ní kí ẹ lò. Tí wọ́n bá fẹ́ òórùn Izal dandan, kí wọ́n fi fọ tọ́lẹ́ẹ̀tì, róbọ́ọ̀tì kì í débẹ̀ ṣáá. Omi bóòhólù tó máa ń pọ́n náà, ẹ jẹ́ kó tòrò nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́jú, ẹ rọra dá ti òkè.

Òórùn omi ìdọ̀tí: ojoojúmọ́ lẹ máa dà á nù, kì í ṣe ìgbà tó bá kún. Ti òyìnbó lè wà níbẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, ooru tiwa ò gba ìyẹn. Mọ́ọ̀pù ẹ̀ náà, ó yẹ kí dọ́ọ̀kì fi afẹ́fẹ́ gbígbóná gbẹ ẹ́ fún wákàtí bí i méjì sí mẹ́rin, tí iná bá lọ láàárín yẹn ó máa wà ní tútù, á sì máa rùn bí aṣọ tí a gbàgbé sínú omi. Èmi a yọ ọ́, màá sá a sórí okùn. Oòrùn ò gbowó.

Enjiníà_Agége

Mummy, ẹ ṣeun. Ti sísá sí oòrùn yẹn dáa ju gbogbo ohun tí mo sọ lọ, kò gba iná kankan.

Abíọ́dún_Tech

Kò sẹ́ni tó tíì mẹ́nu ba kámẹ́rà. Ọ̀pọ̀ àwọn tó wọ́n ní kámẹ́rà níwájú tí wọ́n fi ń mọ bàtà yàtọ̀ sí wáyà, ó sì wúlò, òun ni kì í jẹ́ kó gun ìgbẹ́ ajá tàbí ti ọmọdé kó wá fi kun gbogbo ilé. Àmọ́ ẹ rántí pé ní 2022 ni ìròyìn gbé e jáde ní Amẹ́ríkà pé àwòrán tí àwọn Roomba kan yà nínú ilé àwọn tó ń bá wọn dán an wò ní 2020 ti dé orí ayélujára, títí kan ti obìnrin kan tó jókòó sórí tọ́lẹ́ẹ̀tì nílé ara ẹ̀. Àwọn tí wọ́n gbà láti dán ẹ̀rọ náà wò ni wọ́n o, wọ́n buwọ́ lùwé, àmọ́ mi ò gbà pé ohun tí wọ́n rò pé àwọn ń buwọ́ lù nìyẹn. Nílé wa tí obìnrin ń ró ìró láti báàfù wá sí yàrá, tí ọmọ ń sáré kiri níhòòhò, ẹ lọ sínú áàpù kí ẹ pa ohunkóhun tó bá ní fífi fídíò ránṣẹ́, kí ẹ má gbà nígbà tó bá béèrè pé kí ẹ bá wọn tún ẹ̀rọ ṣe nípa fífi àwòrán ránṣẹ́. Kí ẹ sì fa ìlà dí ẹnu ọ̀nà yàrá màmá, kó máa wọ ibẹ̀ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ nìkan.

ÌyáÌbejì_Bódìjà

Ọ̀rọ̀ ti Abíọ́dún yìí kò bá mi lára mu rárá, mo ti lọ pa á báyìí. Mo tún rí i pé mo ti tẹ "mo gbà" sí gbogbo ẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ láìkà á. Mo yọ gbogbo ẹ̀.

Ẹ jẹ́ n wá fún yín lábọ̀. Lẹ́yìn gbogbo ohun tí ẹ sọ, mo gbé e lọ sílé màmá lọ́jọ́ Sátidé, kì í ṣe kí n fi sílẹ̀, kí n kàn dán an wò níbẹ̀ ni, torí mo ti rí i pé ilé kọ̀ọ̀kan ló ní tiẹ̀. Mo fi tépù wọn gbogbo ẹnu ilẹ̀kùn. Ti pálọ̀ sí yàrá, ó tẹ́jú. Ti kíṣìnnì ga tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta ààbọ̀, tiwa yìí ò lè gun ju méjì lọ, ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹrin ó padà. Káfíńtà máa wá gbẹ́ igi tó dagẹ̀rẹ̀ díẹ̀ síbẹ̀. Sófà, ó wọ abẹ́ ẹ̀, ohun tó kó jáde níbẹ̀ kọ́kọ́rọ́ kan wà nínú ẹ̀ tí màmá ti ń wá láti ọjọ́ pípẹ́. Rọ́ọ̀gì wọn kì í ṣe dúdú.

Ìdánwò tí mo gbẹ́kẹ̀ lé jù ni ti aṣọ funfun. Mo fún màmá ní háńkáṣíìfù funfun kan, mo ní kí wọ́n fi nu ibikíbi tó bá wù wọ́n lẹ́yìn tó ti nu ilẹ̀ tán. Àárín pálọ̀, ó mọ́. Ìdí tẹlifíṣọ̀n, ó mọ́. Wọ́n wá lọ tààrà sí kọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, wọ́n fi ìka ki aṣọ yẹn bọ kọ̀rọ̀, ó jáde ní pupa, eruku ọyẹ́. Roboto ni ẹ̀rọ yẹn, kọ̀rọ̀ ní igun. Wọ́n wò mí, wọ́n ní "Kọ̀rọ̀ mẹ́rin ló ṣẹ́kù fún mi, mo lè ṣe ìyẹn."

Ibi tí a fàbọ̀ sí nìyẹn. Ó máa máa ṣiṣẹ́ láago mẹ́jọ àárọ̀ nígbà tí wọ́n bá wà nídìí ògì, kò ní jẹ́ alẹ́. Ọmọ àbúrò wọn á máa da omi ìdọ̀tí nù, á máa sá mọ́ọ̀pù. Èmi á máa wá gé irun ara ẹ̀ ní gbogbo Sátidé. Izal ti kúrò ní kíṣìnnì, mo gbé e sí tọ́lẹ́ẹ̀tì bí Mummy Òṣogbo ṣe wí. Enjiníà, sítébílásà tí mo rà rèé, 2 kVA ni, ṣé ó tó?

Enjiníà_Agége

Ó tó, àmọ́ ẹ má ki fíríìjì mọ́ ọn. Kí ó dá ní tiẹ̀.

Ìyàwó_Alákòóso

Ẹ jọ̀ọ́, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ọ̀rọ̀ yìí. Ṣé ó lè gba orí rọ́ọ̀gì onírun gígùn, àwọn tó máa ń ri ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ yẹn? Òun ló wà ní yàrá mi.

ÌyáÌbejì_Bódìjà

Irun rọ́ọ̀gì tiwa kúrú, mi ò tíì dán irú ìyẹn wò. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní ọ̀kan ní Mókólá, màá gbé e lọ síbẹ̀ tí mo bá ti kọjá lọ́jọ́ Sátidé, màá wọn gàrí 50 bákan náà, màá sì kọ iye tó kó síbí.